Nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi ò dún lórí fóònù mọ́ látìgbà tí mo ti rìnrìn àjò

Àṣàkẹ́: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé ni gbogbo oníbàárà mi mọ̀ mí mọ́. Mo fi áàpù Linphone sórí fóònù, mo tò ó fúnra mi, mo sì ń fi í gba ìpè láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò mi ọkùnrin ní kò ní ṣiṣẹ́ tí mo bá ti jáde nílé. Mo ní kó gbé ẹnu burúkú rẹ̀ sọ́hùn-ún. Látìgbà náà a ò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe torí fóònù nìkan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti kúrò nílé, àmì pupa ni áàpù ń fi hàn mí. Mo pe iléeṣẹ́ tó fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi orin dá mi dúró títí etí mi fi gbóná. Ẹni tó wá gbé e ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn. Èmi tí mo wà lọ́nà jíjìn! Dátà wà lórí fóònù mi, fídíò ń ṣeré geere. Kí ló wá dé?

Bàbá Wáyà: Kí lo kọ síbi tí áàpù ti ní kó o kọ sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ìpè ń gbà kọjá?

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín: Pẹ̀lẹ́ o. Pásíwọ́ọ̀dù ni tèmi nígbà yẹn. Èyí tí mo fi ń wọ àkántì mi ni mo kọ síbẹ̀, mi ò mọ̀ pé ti SIP, ìlànà tí wọ́n fi ń pe ìpè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá a jà. Ọkọ mi jókòó ń wò mí, ó mọ̀ ọ́n, kò sọ nǹkan kan.

Sùúrù Lérè: Ẹ yọ áàpù náà kúrò kí ẹ tún un fi síbẹ̀.

Àṣàkẹ́: Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, pásíwọ́ọ̀dù mi ò ní àléébù, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nílé. Sùúrù, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá Wáyà: Mo tún bi ọ́. Sáfà ńkọ́?

Àṣàkẹ́: 192.168.1.1. Ohun tó wà nínú ìwé ráútà ni mo kọ, sà. Kò sóhun tó ṣe sáfà.

Bàbá Wáyà: Òun gan-an ló ṣe. Ráútà rẹ nìyẹn, àdírẹ́sì inú ilé sì ni. Èyí tó bá fi 192.168 bẹ̀rẹ̀ kì í rìn jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tó o wà yìí, fóònù rẹ kàn ń kanlẹ̀kùn ilé onílé ni.

Kọ̀ǹpútà Kékeré: Kò le rárá. Ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 5060, ẹnu ọ̀nà tí SIP ń gbà, lórí ráútà, ó parí.

Bàbá Wáyà: Má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Àwọn olè ń fi ẹ̀rọ yẹ pọ́ọ̀tù yẹn wò tọ̀sán-tòru. Tí wọ́n bá já pásíwọ́ọ̀dù, ibi tí ìpè ti wọ́n jù ni wọ́n á fi nọ́ńbà rẹ̀ pè mọ́jú, òun ni yóò san án. VPN ni kó lò, ọ̀nà àdáni tí a tì pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ráútà bá ní WireGuard, irú VPN kan, kí fóònù gba ibẹ̀ wọlé, yóò dà bí ẹni pé ó wà ní pálọ̀. Kò ní yí 192.168.1.1 yẹn padà pàápàá.

Kọ̀ǹpútà Kékeré: Tèmi ti wà ní ṣíṣí láti ọdún méjì, nǹkan kan ò ṣe é.

Bàbá Wáyà: Olè kì í ránṣẹ́ kó tó wá.

Aya Tíṣà: Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fúnni ní sáfà SIP tiwọn, ẹ lè kọ ọ́ sínú áàpù láìgba ti ráútà. Àwọn mìíràn ti dè é mọ́ ìlà ilé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọ àkántì yín, kí ẹ ní kí ìpè máa ṣí lọ sí nọ́ńbà alágbèéká yín. Owó apá kejì ìpè náà lè bọ́ sí yín lọ́rùn o. Ẹ má sì fi nọ́ńbà ilé pe àwọn tó ń rí sí pàjáwìrì, àdírẹ́sì ilé ni wọ́n lè gbà lọ.

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín: Ṣé kò ní jẹ dátà rẹ̀ tán?

Bàbá Wáyà: Pẹ̀lú G.711, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sọ ohùn di dátà, bíi MB 1.3 ní ìṣẹ́jú kan. Fídíò tó ń ṣeré geere yẹn ló ń jẹ dátà.

Àṣàkẹ́: Iléeṣẹ́ tèmi ti dè é, mo ti bi wọ́n. Mi ò sì fẹ́ san owó ìpè tí ẹlòmíràn pè. Mo ti wo ìwé ráútà, WireGuard wà níbẹ̀. Ṣé mo lè tan án láti ibí?

Bàbá Wáyà: Bó o bá ti so ráútà mọ́ áàpù tirẹ̀ kó o tó kúrò nílé, o lè gba ibẹ̀ wọ̀ ọ́. Kí ló ń sọ?

Àṣàkẹ́: Ó ní ráútà ò sí lórí ìlà. Àbí torí pé mo yọ wáyà iná rẹ̀ ni? Mo máa ń yọ gbogbo nǹkan lára iná tí mo bá ń rìnrìn àjò, nítorí mànàmáná.

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín: Háà!

Kọ̀ǹpútà Kékeré: Ẹni tó ní kó pa ráútà kó tún un tàn kúkú sọ òótọ́.

Bàbá Wáyà: A ń jà lórí pọ́ọ̀tù ráútà tó ti ń sùn láti ọjọ́ mẹ́rin. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àṣàkẹ́: Àbúrò mi.

Sùúrù Lérè: Ẹlẹ́nu burúkú yẹn náà?

Àṣàkẹ́: Mo ti pè é. Ó ní òun ò gbọ́ mi dáadáa, kí n tún un sọ, kí n sọ ọ́ sókè.