Wọ́n ń wá gba àjẹsára, wọn kì í gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín

Òṣìṣẹ́ Ìlera, Ìjùmú:
Òkun o, gbogbo ilé. Àwọn ìyá tó ń wá sí sẹ́ńtà wa kì í pa abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò eyín nígboro, ọ̀pọ̀ ni kì í lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ rèé: kò sówó ọkọ̀. Eyín náà á ṣáà yọ dànù. Ọmọ ò tíì sunkún eyín. Kí la lè ṣe tí kò ní ná wa lówó púpọ̀?

Atọ́jú-eyín Kàbà:
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé tí ẹ ń kọ yẹn gan-an ló ń dá wọn dúró. Ọjọ́ mìíràn ni, owó ọkọ̀ mìíràn, àti ẹni tí yóò bá wọn wo àwọn ọmọ tó kù nílé. Ẹ yẹ eyín wò lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ oṣù 9 àti ti oṣù 15. Nǹkan bí oṣù 6 ni eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń hù, ó sì yẹ kí wọ́n ti yẹ ẹnu ọmọ wò kó tó pé ọdún kan.

Tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́ àti gọ́ọ̀sì ti tó. Ẹ̀yin àti ìyá ẹ jókòó kojú ara yín, orúnkún kan orúnkún. Ọmọ á kọjú sí ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ìyá méjèèjì, ẹ wá rọra tẹ́ ẹ sẹ́yìn títí orí rẹ̀ á fi wà lórí itan yín. Ìyá ni yóò di ọwọ́ ọmọ mú. Ẹ ká ètè òkè sókè, kí ẹ wo ibi tí eyín iwájú ti wọ inú èrìgì. Ìlà funfun bí ẹfun níbẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́. Bó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó lu, ó ti jìnnà nìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ iwájú kì í sábà tètè bàjẹ́, torí ahọ́n ń bò ó, itọ́ sì ń ṣàn lé e. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan á ní ọmọ ò ní nǹkankan.

Kí ìyá fúnra rẹ̀ ká ètè náà sókè kó tó dìde. Èmi ò mọ àlàyé kankan tó lè ṣe ohun tí ìyẹn ń ṣe.

Bí ẹ bá rí fáníìṣì sodium fluoride 5% (oògùn tí wọ́n ń kùn sára eyín kó má bàa bàjẹ́), ẹ nu eyín gbẹ, ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, 0.25 ml ti tó ọmọdé. Ẹ tún un kùn lẹ́yìn oṣù 6. Kí wọ́n má fọ ẹnu rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Eyín lè pọ́n díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á ròyìn kiri pé ẹ ba eyín ọmọ jẹ́. Ọmọ tí wọ́n ti dá dúró sí ọsibítù rí nítorí ikọ́ fée, ẹ má kùn ún fún un.

Alákòóso Ìlera, Yàgbà:
Bó bá jẹ́ dókítà eyín lẹ fẹ́ mú wá sí abúlé, ẹ ṣọ́ ọjọ́ o. Níbi tí ọjà ṣì ń ná lọ́rọọrún, "gbogbo ọjọ́ Ọjọ́rú" kò ní pẹ́ bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà ni kí ẹ ti ka tiyín. Láàárín February sí April, ìdí kájú ni wọ́n wà láti ìdájí. Ẹ ti ṣe é tán ní January.

Àìmọ iye tí wọ́n máa ná ń dẹ́rù bà wọ́n ju owó náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè iye káàdì, dídí ihò àti yíyọ eyín ní kíníìkì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí a yẹ eyín ìyá náà wò lọ́jọ́ kan náà, pàápàá aboyún: kòkòrò tó ń ba eyín jẹ́ máa ń ti itọ́ ìyá dé ẹnu ọmọ, bí ìgbà tí wọ́n jọ ń lo ṣíbí kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Mọ̀pà:
Ní ti "á ṣáà yọ dànù": ti iwájú ń yọ ní nǹkan bí ọdún 6 sí 7, òótọ́ ni. Ti ẹ̀yìn tí ọmọ fi ń jẹran ń dúró títí di ọdún 10 sí 12. Ẹ bi ìyá ọmọ ọdún 3 pé ọdún mélòó ló kù, ẹ dákẹ́, kó ṣírò ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ má ka bísíkíìtì léèwọ̀, wọn ò ní gbọ́. Ẹ ní kó jẹ ẹ́ tẹ̀ lé oúnjẹ, kó má máa jẹ ẹ́ kiri látàárọ̀. Fídà ògì onísúgà tí ọmọ ń mu sùn ló burú jù, torí itọ́ ń dín kù lójú oorun. Kí wọ́n fi pésìtì tó ní 1000 ppm flúọ́ráìdì (ìdá 1000 nínú mílíọ̀nù kan) ó kéré tán fọ eyín ọmọ: ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan títí ọmọ á fi pé ọdún 3, lẹ́yìn náà ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré. Ẹ fi hàn wọ́n, wọ́n á rí i pé túùbù kan máa pẹ́.

Òṣìṣẹ́ Ìlera, Ìjùmú:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Oògùn tó ń mú ihò eyín dúdú ńkọ́?

Atọ́jú-eyín Kàbà:
Silver diamine fluoride 38% ni. Ó ń dá ìbàjẹ́ dúró láìsí abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ kò ní funfun mọ́. Ẹ fi àwòrán han ìyá kó tó gbà, pàápàá bó bá jẹ́ eyín iwájú. Kì í ṣe fún eyín tó ń ro ọmọ lóru o. Èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ sí ọsibítù, ẹ má ní kó dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́.