Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìkéde Lincoln?

Tíṣà_Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS3 níbí l'Ékìtì, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1863, ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́ l'Amẹ́ríkà, Ààrẹ Lincoln kéde pé kí ẹrú dòmìnira, wọ́n sì dà á kọ. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́, ó ní "Mà, ṣé lọ́jọ́ yẹn gan-an ni gbogbo wọn lọ sílé?" Mi ò rí èsì gidi fún un, ó ń dùn mí di báyìí.

Bàbá_Ọ̀yẹ́: Àǹtí Tíṣà, ìbéèrè ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò lọ! Ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jà nìkan ni ìkéde yẹn mú, ẹrú tó wà ní Kentucky, Missouri, Maryland àti Delaware ò sí nínú ẹ̀ rárá torí ẹ̀yìn ìjọba làwọn yẹn wà. Ibi tó sì mú náà, àfi kí sójà ìjọba dé ibẹ̀ tàbí kí ẹrú fẹsẹ̀ ara ẹ̀ sá tọ̀ wọ́n lọ. Ní Galveston ní Texas, ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1865 ni sójà tó kéde ẹ̀ fún wọn, ìparí ọdún yẹn lòfin tó mú gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èmi máa ń ní kí ọmọ kan dúró síta, màá wá sọ fáwọn tó kù pé kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá, màá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí.

Ọmọ_Òkèmẹ̀sí: Ẹ fi kún un pé ìkéde yẹn ló ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ sójà fáwọn aláwọ̀ dúdú, bí 180,000 ló jà, kọ́mọ má lọ rò pé wọ́n kàn jókòó tí wọ́n ń retí Lincoln. Ẹ tún mú un wálé jọ̀ọ́. Ìyà ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú wa, ló gbé Fábùnmi, jagunjagun Òkèmẹ̀sí, dìde tí Èkìtì Parapọ̀ fi bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì, wọ́n ń kó èèyàn wa lẹ́rú, àwa náà sì ní ẹrú àti ìwọ̀fà nílé, ẹ má fi ìyẹn pa mọ́ fún wọn.

Tíṣà_Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣe é lónìí, ọmọ tí mo ní kó dúró síta wọlé, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pariwo ayọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá ní "Ṣé látàárọ̀ lẹ ti mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò wá pè mí?" Kíláàsì dákẹ́.