Ọjọ́ mẹ́rin l'Abẹ́òkúta pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́: ibo ni mo lè sùn?

Àdùnní_Òròkí

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Òṣogbo ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ wá lo ọjọ́ mẹ́rin l'Abẹ́òkúta lóṣù tó ń bọ̀, èmi nìkan, báàgì kan, 60,000 náírà fún ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Lọ́dún tó kọjá mo dé Cape Coast ní Gánà, yàrá tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà sí ni mo sùn, kálukú ń sanwó bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, a jọ ń se oúnjẹ nínú kíṣìnì kan náà, ibẹ̀ ni mo ti mọ ọmọ Tógò kan àti ọmọ Jámánì kan tí a ṣì jọ ń sọ̀rọ̀ títí dòní. Ṣé irú ẹ̀ wà l'Abẹ́òkúta? Mo wá a lórí Google títí, họ̀tẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi nìkan ló ń gbé jáde fún mi.

Ohun tó ń gbé mi bọ̀ gan-an ni àdìrẹ. Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi, Òṣogbo ìlú aró, ẹ mọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìkòkò aró ti gbẹ nílé wa kí wọ́n tó bí mi, ọwọ́ ìyá àgbà nìkan ni mo bá, èékánná wọn dúdú títí wọ́n fi kú. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Obìnrin ni mí o, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má júwe ibi tí mi ò ti ní lè fojú ba oorun fún mi.

Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà

Àdùnní, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ká má tan ara wa, ilé oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́fà bíi ti Gánà yẹn, mi ò tíì rí i níbí, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí. Gẹ́sìháòsì la ní, wọ́n sì pọ̀, àmọ́ wọn ò rí bákan náà. Èyí tó bá jẹ́ pé wákàtí wákàtí ni wọ́n fi ń ta yàrá, sá fún un, àwọn tó ń wọlé tó ń jáde ò ní jẹ́ kó o sùn. Kó o tó sanwó, wọ inú yàrá fúnra ẹ, ṣí ẹ̀rọ omi wò, tan fáànù, ti ilẹ̀kùn látinú kó o mọ̀ bóyá ó dí, wo nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, torí ẹ̀fọn ò mọ àlejò. Bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ àti aago mélòó ni wọ́n ń pa á. Má san ti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láyé, alẹ́ kan ni kó o san ná. Kó o sì ná an, wọ́n máa ń dínwó fún ẹni tó bá máa pẹ́.

Ní ti àdúgbò, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ àti apá Ìbarà tiwa níbí, àárín ọ́fíìsì àti báǹkì ni, ilé wọ́n. Ọbáńtòkò máa dín owó fún ẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó o fi náírà pamọ́ lórí yàrá ni wàá fi wọ kẹ̀kẹ́ lọ bọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, àárín ìlú àtijọ́ ni mo máa sùn, ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé Ìtòkú tí ọjà àdìrẹ wà, dé àpáta Olúmọ, dé Aké. Ìtòkú ni kó o máa sọ fún oníkẹ̀kẹ́ o, Ìtòkú, torí Ìtòkò náà wà, ibòmíì sì ni, ọ̀pọ̀ àlejò ló ti bá ara wọn níbẹ̀.

Láti Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú títì á gbé ẹ gba Ọ̀dẹ̀dá àti Ọ̀síẹ̀lẹ̀ wọlé. Tó o bá fẹ́ rélùwéè, Mọ́níyà lo ti máa wọ̀ ọ́, wàá sọ̀ ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní Láderin. Èmi fẹ́ràn rélùwéè jù, àmọ́ ibùdókọ̀ yẹn jìnnà sí àárín ìlú díẹ̀, fi owó kẹ̀kẹ́ sí i.

Tájù_Èkó

Ọjọ́ mẹ́rin kẹ̀? Mo ti gun Olúmọ, ó gbà mí ní wákàtí méjì, mo jẹ ọ̀fàdà, mo padà sí Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ò rí ohun tí èèyàn fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin wò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà

Tájù, òkúta lo gùn, o ò tíì wọ ìlú. Ó máa ń dùn mí gan-an ni tí mo bá rí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò tó já wọn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Olúmọ, tí wọ́n ya fọ́tò, tó kó wọn lọ. Ní Aké níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, òyìnbó Townsend tó bá wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ náà ló tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, kí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ fóònù. Ààfin Aláké ò jìnnà síbẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ ní 1930 láti fi sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbí ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́rin, ó ṣì máa kù.

Ìyá_Aládìrẹ

Àdùnní ọmọ mi, mo rí ohun tó o kọ nípa èékánná ìyá ẹ àgbà, ó wọ̀ mí lára. Tèmi náà dúdú, tí mo bá fẹ́ lọ òde mo máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kì í lọ.

Tó o bá dé Ìtòkú, àárọ̀ ni kó o wá, kí oòrùn tó mú, torí ọ̀sán ọjà ló máa ń gbà wá lọ́kàn. Kọ́kọ́ kí èèyàn kó o tó fọwọ́ kan aṣọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ mẹ́síìnì ta fún ẹ ní àdìrẹ, ó ti kún ọjà bámúbámú, Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, ó sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa. Yí aṣọ padà wo ẹ̀yìn ẹ̀. Èyí tá a rẹ sínú aró, àwọ̀ ẹ̀ gba iwájú gba ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á ràn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹni pé aṣọ náà ti gbó. Kó o wo àpẹẹrẹ orí ẹ̀ náà dáadáa, ti ọwọ́, ìlà kan kì í bá èkejì mu régérégé, ti mẹ́síìnì dọ́gba bí àwòrán ìwé.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa ti fi ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, sílẹ̀, àbẹ́là la fi ń yà á, aró kẹ́míkà la sì ń lò, torí kò ní gbà wá lọ́jọ́ púpọ̀. Àmọ́ àwọn tó ṣì ń ṣe oníko, èyí tí wọ́n ń fi okùn dì, àti ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ yà, bíi tàtijọ́ ò tíì tán. Tó o bá dé, fi ìwé sí mi nínú ínbọ́ọ̀sì, mo máa mú ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan.

Àdùnní_Òròkí

Ẹ̀gbọ́n, Mà, mo ti lọ, mo ti bọ̀, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ nítorí ẹlòmíì tó bá fẹ́ lọ lẹ́yìn mi.

Ilé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ kò dáa. Fọ́tò ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹwà, àmọ́ nígbà tí mo dé ibẹ̀ ẹ̀rọ omi kàn ń mí hẹ̀ẹ̀ ni, kò dà nǹkan kan, abẹ́ yàrá mi gan-an ni wọ́n ti ń ta bíà, sípíkà ń dún títí di aago méjì òru, ilẹ̀kùn ò sì ní kọ́kọ́rọ́ gidi, àga ni mo gbé tì í. 10,000 náírà ni mo san, ti alẹ́ kan ṣoṣo bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, torí tí ilẹ̀ mọ́ mo kó ẹrù mi jáde.

Èkejì ni mo ń sọ. Ilé àtijọ́ kan lápá Ìjàyè, ìyá onílé ń fi yàrá mẹ́rin gba àlejò, wọ́n ní 12,000, mo bẹ̀ wọ́n wá sí 9,500 lálẹ́ kan. Omi kànga ni, wọ́n á fà á fún ẹ láàárọ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ yàrá mọ́ tónítóní. Tó bá di alẹ́, tí iná bá lọ, gbogbo wa la máa ń bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí ooru. Ìyá kan láti Ìlọrin tó wá ra aṣọ lọ tà, ọkùnrin kan láti Kútọnu tó ń sọ Yorùbá tó yàtọ̀ sí tiwa, tó ní torí aṣọ náà lòun ṣe wá, àti kọ́pà kan tí kò tíì ríbi gbé. Ìyá onílé gbé àtùpà sáàárín, a jọ jẹ ẹ̀pà sísun, ìyá Ìlọrin ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀pá aṣọ kí wọ́n má rẹ́ni jẹ. Ohun tí mo rí ní Cape Coast nínú yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́fà yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo tún ti rí i. Èdè ìyá onílé dùn mọ́ mi, ibi tá a ti ń sọ pé "wọ́n", "wẹ́n" ni wọ́n ń wí, lọ́jọ́ kẹta mo ti ń sọ ọ́ mọ́ wọn.

Mo gun Olúmọ láàárọ̀ kùtù. Mo ti ka ìtàn Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, níléèwé, pé 1830 ni wọ́n dé, pé abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí, àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n lára àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wọ ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Òrùlé ibẹ̀ rẹlẹ̀. Àwọn ihò wà lórí àpáta tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ nǹkan, mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, inú ẹ̀ ń dán bí inú abọ́. Ọwọ́ obìnrin ló dán an bẹ́ẹ̀, lásìkò tí ogun ń bẹ níta. Nígbà tí mo dé òkè tí mo rí òrùlé páànù tó ti pupa lọ rẹrẹẹrẹ títí dé odò Ògùn, ihò yẹn ló ṣì wà lọ́kàn mi.

Ní Aké, mo dúró síwájú ààfin fún ìgbà pípẹ́. Ibí ni àwọn ìyá ọlọ́jà tó tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wá dó sí ní 1947 nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, tí wọn ò sì jáwọ́ ńbẹ̀ títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọkọ̀ ń kọjá, ọmọléèwé ń kọjá. Mo kàn dúró ni.

Ní ti oúnjẹ, láfún. Mo ti ń jẹ àmàlà láti kékeré, mi ò mọ̀ pé mo máa fẹ́ràn èyí tó funfun, pẹ̀lú ewédú àti ọbẹ̀ ata, ní bùkà tó wà lẹ́yìn ọjà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo jẹ ẹ́.

Mà, ọjọ́ tẹ́ ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá aláró yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Òórùn ìkòkò yẹn kọ́kọ́ lé mi sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí n fa aṣọ jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó jáde, kì í ṣe búlúù, ewé tútù ni, ewé tútù tó fẹ́ pọ́n, mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Ìyá ní kí n gbé e sókè kí atẹ́gùn fọwọ́ kàn án. A ò tíì ka ogún tó fi ń ṣókùnkùn láti etí wọnú, ó ń di búlúù lójú mi, lọ́wọ́ mi, ẹ̀kán ẹ̀kán. Mo sunkún. Ìyá ò bi mí léèrè, wọ́n ní "tún un rì, ẹ̀ẹ̀kan ò tó o."

Mo ra ọ̀pá márùn-ún. 4,300 náírà ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mo dé Òṣogbo. Èékánná mi ṣì dúdú bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Tájù_Èkó

Àdùnní, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà fún Ẹ̀gbọ́n. Jọ̀ọ́ fi àdírẹ́sì ilé Ìjàyè yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ínbọ́ọ̀sì.

Ìyá_Aládìrẹ

Ọmọ mi, o kú oríire. Ṣé o ti fọ aṣọ náà? Má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́ o. Omi tútù, iyọ̀ díẹ̀, òun nìkan ni kó o fọ̀, má pò ó mọ́ aṣọ funfun, abẹ́ ibòji sì ni kó o sá a sí. Ìyá ń bèèrè ẹ. Wọ́n ní tó o bá tún ń bọ̀, kó o mú fọ́tò ìyá ẹ àgbà dání.