Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: báwo la ṣe ń yin òṣìṣẹ́ tí kò fi ní dìjà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé búrẹ́dì ni, òṣìṣẹ́ 26. Ètò "òṣìṣẹ́ tó ta yọ lóṣù yìí" kì í pẹ́ di ó kàn ẹ́, ó kàn mí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ nìkan ni yóò máa gbà á, torí iye búrẹ́dì tí wọ́n tà ṣeé kà. Ta ló ń ka èyí tí kò jóná?

Ohun tí a fẹ́ dán wò ni kí alábòójútó yin èèyàn kí wákàtí 24 tó kọjá, kó sì sọ ohun tó ṣe gan-an: "O rí i pé búrẹ́dì ò tíì wú tó, o ò jẹ́ kí wọ́n tì í sínú ààrò." "O kú iṣẹ́" lásán ò tó. Owó ńkọ́? Bó bá ti ń wá lóṣooṣù, wọ́n á kà á mọ́ owó oṣù. Ọjọ́ tí kò bá wá, wàhálà dé.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ló ṣòro jù, ọ̀gá kì í rí wọn. Ṣé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa dárúkọ wọn ni? Báwo lẹ ṣe ń dènà kí ọ̀rẹ́ máa dárúkọ ọ̀rẹ́? Ẹni tójú ń tì láàárín èrò ńkọ́?