Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwọ̀ kúbùsù alábùlẹ̀ yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ. Kúbùsù alábùlẹ̀, èyí tí a fi ègé aṣọ rán pọ̀, ni mò ń rán de màmá mi tó ń bọ̀ wá bá wa ní Chicago nígbà òtútù. Mo fẹ́ kí ìlà rẹ̀ dábùú ara wọn: funfun nílẹ̀, àwọ̀ eérú fún ìlà, búlúù dúdú níbi tí ìlà méjì ti pàdé. Ṣùgbọ́n tí mo bá takété wò ó, eérú yẹn ń wọnú funfun, ìlà ò hàn mọ́. Ṣé kí n wá eérú tó tún dúdú sí i ni, àbí búlúù tí kò dúdú jù? Ẹ jọ̀ọ́, òwú tàbí irun àgùntàn, èwo ni kí n tẹ́ sáàárín aṣọ òkè àti aṣọ ìsàlẹ̀ rẹ̀? Màmá ò fẹ́ ohun tó wúwo lára.