Cipollini 57, Cavendish 55: ta ni ká pè ní ọ̀gá?

Ọmọ Ìlá ní Bradford

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá kan.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Ọ̀gá wa nídìí ààrò, ọmọ Ítálì ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ eré kẹ̀kẹ́ kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà ti kó sí i, nítorí tí mo bá tibi iṣẹ́ dé tí oorun ò wá, Tour de France ni mo máa ń wò. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kàn sọ tèmi pé nínú gbogbo sprinter, àwọn tí wọ́n máa ń fara pamọ́ látàárọ̀ tí wọ́n á wá tú eré sílẹ̀ nígbà tó bá ku igba mítà, kò sí irú Mark Cavendish. Ìpele 35, ìyẹn eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ló gbà nínú Tour, kò sẹ́ni tó gba iye bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Bàbá ò fèsì. Ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀, ó mú bírò, ó kọ iye ìpele tí Cipollini, sprinter ọmọ ìlú rẹ̀, gbà sára páálí: Cipollini, Giro (Tour ti Ítálì) 42, Tour 12, Vuelta (ti Sípéènì) 3. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ 57. Ó tún kọ Cavendish: Tour 35, Giro 17, Vuelta 3. Ó fa ìlà, ó kọ 55. Ó wá lẹ páálí náà mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo wa ti ń tẹ káàdì wọlé. Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Ẹni tó bá wọlé á kà á, á sì bojú wò mí.

A ti fi kọfí ta tẹ́tẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tí iye rẹ̀ bá pọ̀ jù náà ni ọ̀gá? Àwọn sprinter mìíràn bíi Zabel, Sagan àti Kittel ńkọ́?

Eré Yá

Cavendish ni jàre. 35 ju 12 lọ. Ẹ ní kí bàbá oníbúrẹ́dì yọ páálí ẹ̀ kúrò lára ògiri.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́

Eré Yá, rọra. Bí o bá mú 35 kọjú sí 12, òun náà á mú 42 kọjú sí 17, ilẹ̀ á sì mọ́ bá yín níbẹ̀.

Ọmọ Ìlá, mo kí ọ. Kí n tó dé ìlú òyìnbó, mo tún kẹ̀kẹ́ ṣe lÓṣogbo, àwọn Raleigh ìgbà yẹn tí ọkùnrin méjì ò rọrùn gbé. Leeds ni mo ń gbé báyìí. Lọ́dún 2014 tí Tour gbéra láti Leeds, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Harrogate láàárọ̀ kùtù kí n lè rí ibi tí wọ́n máa parí sí. Harrogate ni ìlú ìyá Cavendish, gbogbo èrò ló sì fẹ́ kó borí níbẹ̀ kó wọ ẹ̀wù ìyeyè, ti ẹni tó ń ṣíwájú nínú Tour, tí kò tíì wọ̀ rí. Mo rí ààyè kékeré lẹ́bàá irin tí wọ́n fi dí èrò. Kí n tó rí kẹ̀kẹ́ kankan, ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí òjò tó ń ti òkèèrè bọ̀ lórí páànù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí irin kọlu irin. Cavendish ti fi èjìká ti Gerrans, ọmọ Ọsirélíà, níbi tó ti ń wá ọ̀nà àtikọjá, àwọn méjèèjì sì balẹ̀. Kittel ló gba ọjọ́ náà. Nígbà tí Cavendish ń kọjá níwájú wa, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé òun lòún jẹ̀bi. Ó ti bá ti Tour ọdún náà jẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń béèrè ohun mìíràn kí n tó ka iye: kí ni ẹni yìí là kọjá kó tó dé ìlà?

Ìka ò dọ́gba, ìpele náà ò sì dọ́gba. Tour ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń kó ẹsẹ̀ tó yá jù lọ wá, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wò ọ́ jù. Cipollini gba ìpele mẹ́rin léraléra níbẹ̀ lọ́dún 1999, èyí tí wọ́n gbà láti Laval lọ sí Blois sì yá débi pé ó ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan, tí wọ́n bá pín in. Ẹni ńlá ni. Ṣùgbọ́n bi bàbá oníbúrẹ́dì yìí léèrè kan ṣoṣo: ìgbà mélòó ni Cipollini parí Tour? Kò parí rẹ̀ rí. Bí òkè bá ti dé, Cipo á di ẹrù rẹ̀. Má sì jẹ́ kó fi ìyẹn gún ọ lójú pé o ní kò lè gun òkè, torí ó parí Giro, ó sì gba ẹ̀wù ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ lọ́dún 1992, 1997 àti 2002. Ti Tour ni kò ṣe.

Ohun tí àwọn tó ń wo ìparí nìkan kì í mọ̀ rèé. Lójoojúmọ́, wọ́n máa ń fi àkókò ẹni tó borí ṣírò àkókò tí ẹni tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ dé. Bí o bá pẹ́ jù ú lọ, ilé yá. Fún sprinter tí itan rẹ̀ rí bí ti akọ màlúù, ọjọ́ òkè ni ọjọ́ ogun. Lọ́jọ́ kìíní Tour 2024, láti Florence lọ sí Rimini, oòrùn mú débi pé Cavendish ń bì lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni ọdún 39 ni. Àwọn ará ẹgbẹ́ Astana dúró tì í, wọ́n ń ṣọ́ àkókò lọ títí wọ́n fi dé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n gbé e gun òkè Galibier. Ọjọ́ kejì ìyẹn, 3 July, ní Saint-Vulbas, ó ju Philipsen sẹ́yìn, 34 tí òun àti Eddy Merckx, àgbà oníkẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́, jọ ní di 35. Bó o bá fẹ́ lẹ páálí mọ́ ògiri, ọjọ́ márùn-ún yẹn ni kó o kọ sí i.

Wọ́n á ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e. Lóòótọ́, kò sí sprinter tó ń dá a ṣe. Ẹni tó wà níwájú ẹ ló ń gba afẹ́fẹ́ sójú, ìwọ á sá sẹ́yìn rẹ̀ títí dé ibi tí yóò ti yà fún ọ. Mark Renshaw ló ń ṣe é fún Cavendish, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn débi pé lọ́dún 2009 ní Champs-Élysées, òpópónà Paris tí Tour ti ń parí nígbà náà, Cavendish ṣe ìkíní, Renshaw tó fà á wá ṣe ìkejì. Lọ́dún 2010, Renshaw fi orí kan Julian Dean, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, lórí ìrìn bí àgbò méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró (mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo rẹ́rìn-ín títí), wọ́n sì lé e kúrò nínú Tour lọ́jọ́ náà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Láìsí Renshaw, Cavendish tún gba Champs-Élysées. Ọdún mẹ́rin léra ló gba ibẹ̀, 2009 sí 2012.

Ó tún ku èyí tó dùn mọ́ mi jù. Lẹ́yìn ìpele mẹ́rin tó gbà lọ́dún 2016, nínú ẹgbẹ́ Dimension Data ti South Africa, tó sì wọ ẹ̀wù ìyeyè nígbẹ̀yìn, kòkòrò àrùn Epstein-Barr mú un, ara rẹ̀ ò dá mọ́. Ọdún márùn-ún, kò rí ìpele kan gbà nínú Tour. Lẹ́yìn Gent–Wevelgem 2020, eré ọlọ́jọ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó bú sẹ́kún níwájú kámẹ́rà, ó ní bóyá eré òun tó kẹ́yìn nìyẹn. Lọ́dún 2021, orúkọ rẹ̀ ò sí nínú àwọn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kó lọ, orúnkún Sam Bennett, sprinter ẹgbẹ́ náà, ló ń dun ún ni wọ́n fi mú un. Ìpele mẹ́rin ló gbà, pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ti ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù nínú Tour.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tan ọ́ jẹ. Bàbá yẹn ní ẹ̀rí kan tí kò kọ sí páálí, bó bá rántí rẹ̀ wàhálà dé bá ọ: ọdún 2002. Ẹni ọdún 35 ni Cipollini lọ́dún náà, ó gba Milan–San Remo, eré ńlá ọlọ́jọ́ kan ní Ítálì, ó gba Gent–Wevelgem, ó gba ìpele mẹ́fà nínú Giro, ó tún wá gba ẹ̀wù òṣùmàrè ti gbogbo àgbáyé ní Zolder. Cavendish ní San Remo (2009, táyà lásán ló fi ju Haussler lọ) àti òṣùmàrè (Copenhagen, 2011), àmọ́ ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ká tiẹ̀ ní ọdún kan péré la fẹ́ wò, èmi á mú Petacchi, ọmọ Ítálì, ti 2003: ìpele Giro mẹ́fà, ti Tour mẹ́rin, ti Vuelta márùn-ún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín oṣù márùn-ún!

Zabel: ẹ̀wù aláwọ̀ ewé mẹ́fà léra, 1996 sí 2001, San Remo mẹ́rin. Ìkarùn-ún ń bọ̀ lọ́dún 2004, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń yọ̀, Freire ọmọ Sípéènì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbà á lọ. Zabel náà ló sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ oògùn tó lò, èyí sì ń dí mi lọ́wọ́ tí mo bá fẹ́ yìn ín. Sagan ní ẹ̀wù aláwọ̀ ewé méje, ó ju gbogbo wọn lọ níyẹn, àmọ́ ẹni tó ń gba Roubaix àti Flanders, àwọn eré líle ọlọ́jọ́ kan, ju sprinter lásán lọ. Kittel yára jù gbogbo wọn lójú tèmi. Ìpele 14 ló gbà nínú Tour, ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́ni ọdún 31, ó lọ sílé rẹ̀.

Adùkẹ́ Onírun, Turin

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, bàbá. Èmi ò mọ Cipollini, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù irun níbí. Lọ́jọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, mo ń dirun fún obìnrin ará Eritrea kan, mi ò tíì dì í dé ìdajì orí. Fóònù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo eré kẹ̀kẹ́ tó ń ti Piacenza bọ̀ nílùú wa níbí. Lójijì ó dìde, ó jà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sá síta pẹ̀lú kóòmù mi lórí. Biniam Girmay, ọmọ Asmara, ló borí! Kò sí aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà tó gba ìpele nínú Tour rí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn ènìyàn wọn ti kún òpópónà pẹ̀lú àsíá, àgbà ọkùnrin ń sunkún bí ọmọdé. Obìnrin náà padà dé lálẹ́ pẹ̀lú irun ìdajì yẹn, ó san owó odindi, ó ní kí n máa gbé kóòmù tuntun lọ.

Ìpele mẹ́ta ló gbà lọ́dún náà, ó sì gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọ sílé. Ṣé mẹ́ta ọ̀hún kéré nítorí pé kò tó 35?

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́

Kò kéré rárá, ọmọ mi. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tó gba ìpele Giro ní Jesi lọ́dún 2022, ìdérí ìgò wáìnì ló bà á lójú lórí pèpéle tí wọ́n ti ń yìn ín? Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ, kò sì lè bá Giro náà lọ mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe ohun tí o rí yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 2000 ni o. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀ ká tó gbé e lé ìwọ̀n Cavendish.

Ọmọ Ìlá ní Bradford

Ẹ ṣé gan-an o, bàbá, Ẹlẹ́dàá á dá yín sí fún wa. Mo gbé e débẹ̀ lánàá. Bí mo ṣe bi ọ̀gá wa pé ìgbà mélòó ni Cipo parí Tour, ó dá ọwọ́ tó fi ń po ìyẹ̀fun dúró. Ó ní, «Òkun wà ní Ítálì nínú oṣù keje, kí ló fẹ́ fi Paris ṣe?» Gbogbo àwa tá a wà nídìí ààrò la rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti Rimini, ti Galibier àti Saint-Vulbas fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun rí ọjọ́ náà, òun sì dìde lórí àga.

Kò mẹ́nu ba 2002, èmi náà ò rán an létí.

Nígbà ìsinmi, ó gbé fìlásíìkì kọfí tó máa ń gbé wá láti ilé jáde, ó bù ú fún mi, ààbọ̀ ife. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń san tẹ́tẹ́ nìyí. Ó ní ààbọ̀ tó kù di ọjọ́ tí Cavendish bá gba ìkejìdínlọ́gọ́ta. Cavendish tó ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2024! Páálí ṣì wà lára ògiri.