Káàdì lọ́bì sinimá ọdún 1930 sí 1939: báwo ni àkọ́kọ́ ṣe tẹ̀ yín lọ́wọ́?

Àkànní Ṣìkágò
Ẹ kú àsìkò yìí o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó káàdì lọ́bì jọ, àwọn páálí aláwòrán tí ilé sinimá ń kàn sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ẹ wá sọ ìrírí yín. Tèmi rèé: ìyá àgbà kan kú ládùúgbò wa, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta ẹrù rẹ̀. Mo ra dígí kan ní dọ́là márùn-ún. Nígbà tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ láti pààrọ̀ férémù, páálí tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn ni káàdì lọ́bì ọdún 1934, wọ́n dojú àwòrán rẹ̀ kọ inú. Ihò píìnì wà nígun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì
Dọ́là márùn-ún! Orí ẹ dára.

Dèjì Houston
Èmi ò ríre bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ta tèmi fún mi ní 180 dọ́là, ó ní ti 1933 ni. Ọdún méjì ni mo fi ń fi í han àlejò. Ọjọ́ tí mo gbé e fún àgbà kan nínú nǹkan yìí, kò tíì gbé e sójú dáadáa tó fi na ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: lẹ́tà R àti nọ́ńbà. Àtúntẹ̀ ni, ìgbà tí wọ́n tún gbé fíìmù náà jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó dùn mí dé egungun.

Àkànní Ṣìkágò
Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. National Screen Service, ilé iṣẹ́ tó ń pín páálí àti pósítà fíìmù fún ilé sinimá, ló ń fi nọ́ńbà yẹn sí i, bíi 1940 ló sì bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ti ní in, ti 1933 kọ́.

Baba Àwòrán
Ẹ má pe àtúntẹ̀ ní ayédèrú o. Ilé sinimá gidi ló lò ó. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ òde òní tẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n: íǹṣì 11 sí 14. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan iná UV sí i, irú iná àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò. Pépà tuntun á máa tàn yòò bí aṣọ funfun tí a fi ọṣẹ òyìnbó fọ̀. Ti àtijọ́ á dákẹ́. Mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n sábà ń tẹ̀ wọ́n fún fíìmù kan, ilé sinimá kan á lò ó tán, á tún kọjá sí òmíràn. Nígbà ogun wọ́n tún ń gba pépà àlòkù káàkiri. Ìdí tó fi ṣọ̀wọ́n nìyẹn.

Dèjì Houston
Àmọ́ 1933 lẹni tó tà á pè é, Baba. Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́.

Baba Àwòrán
Mo gbà. Ẹni tó tà á ló purọ́, káàdì ò purọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ti Orlando Martins, òṣèré fíìmù, ni mò ń wá ní tèmi. Ọmọ Èkó ni, 1899 ni wọ́n bí i, ó sì wà nínú Sanders of the River, 1935. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń lé káàdì fíìmù yẹn láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo ti rí méjì. Paul Robeson, òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ló wà nínú méjèèjì.

Ìyá Ìbejì
Sanders? Fíìmù tó sọ wá di ọmọdé tí òyìnbó kan ṣoṣo ń dà bí àgùntàn? Kò lè dé pálọ̀ mi. Robeson fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́ nígbẹ̀yìn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Mo gbọ́ yín, mà. Abúlé tí wọ́n kọ́ sí Shepperton, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń pè ní Nàìjíríà, mo mọ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni ọmọ wa ti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí a bá dà á nù, níbo la ó ti rí i?

Ìyá Ìbejì
Ta ló ní kẹ́ ẹ dà á nù? Ẹ fi í sápótí. Song of Freedom ti 1936 ni kẹ́ ẹ gbé kọ́. Martins wà níbẹ̀ náà, Robeson sì fẹ́ràn ìyẹn.

Folúkẹ́
Ẹ̀yìn Ìyá Ìbejì ni mo wà.

Dèjì Houston
Èmi kọ́. Màá gbé e kọ́ síbi tójú á ti rí i. Ọmọ mi tó bá bi mí léèrè, màá jókòó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Baba Àwòrán
Oscar Micheaux ńkọ́? Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ní Amẹ́ríkà, òun ló ń ṣe fíìmù ara rẹ̀, òun náà ló ń gbé e kiri ilé sinimá àwọn èèyàn wa. Mo rí ẹyọ káàdì rẹ̀ kan lójú ayé mi, owó ọwọ́ mi ò ká a. Mo ṣì ń fi lálàá.

Folúkẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, mo gbé mẹ́ta wálé sí Ìbàdàn. Igun ọ̀kan ya, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ báyìí. Ṣé kí n ṣí i?

Àkànní Ṣìkágò
Má fà á o! Á bó àwòrán lọ. Ẹni tó ń tún pépà àtijọ́ ṣe ni kó fọwọ́ kàn án. Àwọn méjì yòókù, fi wọ́n sínú ọ̀rá Mylar, ìyẹn ọ̀rá ike tó mọ́ gaara, kí páálí tí kò ní ásíìdì wà lẹ́yìn wọn. Jìnnà sí ògiri tó ń rin àti oòrùn. Má sì laminate wọn láéláé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Àkànní, o ò tíì sọ fún wa. Ti inú dígí yẹn, fíìmù wo ni?

Àkànní Ṣìkágò
Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé orúkọ rẹ̀ lọ kó lè wọ férémù. Ọdún nìkan ló kù nísàlẹ̀. Obìnrin kan tó dé fìlà ló wà níbẹ̀, ó di tẹlifóònù mú, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Màá gbé fọ́tò rẹ̀ síbí lálẹ́, bóyá ẹnì kan nínú yín á dá a mọ̀.